Ọwọ́ Tó Di Okùn Ẹṣin Mú

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá, ara ẹni tó gun ẹṣin ni gbogbo ojú máa ń wà. Ìdílé Balógun kan á jó wọlé, òmíràn á tẹ̀ lé e, ìlù á máa dún, àwọn ayàwòrán á máa sáré síwá sẹ́yìn. Lọ́dún 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, débi pé ẹni tí kò mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú rí bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọdún náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tún àwọn àwòrán ọjọ́ náà wò. Nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹṣin, ẹnì kan sábà máa ń wà níbẹ̀ tó di okùn mú, tó ń fi ọwọ́ kejì ra ẹṣin lọ́rùn kí ariwo ìbọn má baà dẹ́rù bà á. Kò wọ aṣọ ẹgbẹ́, atọ́kùn ètò kò sì dárúkọ rẹ̀. Òun ló fún ẹṣin náà lómi láàárọ̀, òun náà ni yóò sì fà á lọ nígbà tí àwọn àlejò bá jókòó sídìí oúnjẹ.

Iṣẹ́ ẹni yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí ìgbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ẹṣin bá délẹ̀ láwọn ìlú ńlá wa, apá méjì péré ni àríyànjiyàn máa ń pín sí. Àwọn kan á ní ẹ̀yẹ ni, àwọn kan á ní ìwà ìkà ni. Kò sí ẹni tó ń béèrè irú ayé tí ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ń gbé. Èrò tèmi ni pé bí ìyà bá ń jẹ ẹṣin láàárín ìlú, ìyà ti kọ́kọ́ jẹ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, àti pé kò sí bí a ṣe lè gba ẹran náà sílẹ̀ láìjẹ́ pé a ka olùtọ́jú rẹ̀ kún oníṣẹ́ tí òfin mọ̀, tó ní ibùdó, tó sì ní ẹ̀tọ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa tí a wà ní Ará, lágbègbè Ẹdẹ, dáadáa. Ẹṣin kì í ṣe ẹran ilẹ̀ igbó. Eṣinṣin tsetse tó fi igbó ṣe ilé ń gbé àrùn tó ń mú kí ẹṣin rù, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dínkù, kó sì kú. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ń ra ẹṣin ogun rẹ̀ láti ìhà àríwá, lọ́wọ́ àwọn Tápà àti àwọn Haúsá. Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lágbára ní pápá ọ̀dàn, ṣùgbọ́n igbó kò gba eré ẹṣin. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sọ̀kalẹ̀ wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn, níbi tí kò jìnnà sí wa rárá. Láyé ìgbà náà, ọrọ̀ ńlá ni ẹṣin, ẹni tó mọ bí a ti ń dá ẹ̀mí rẹ̀ sí kì í sì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Oyè ni Olókùn-ẹṣin ń jẹ láàfin Ọ̀yọ́. Ó ń jẹ nínú ọlá Aláàfin, ó sì gbọ́dọ̀ bá a kú. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní ìparí ọdún 1944, Olókùn-ẹṣin rẹ̀ múra láti tẹ̀ lé e, òyìnbó ajẹ́lẹ̀ dá a dúró, ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo fi ṣe eré Ọba Wàjà, òun náà ni Wọlé Ṣóyínká gbé ìwé rẹ̀ ọdún 1975, Death and the King's Horseman, kà. Kò sí ẹni tó ń gbàdúrà kí irú ikú bẹ́ẹ̀ padà wá. Síbẹ̀, ẹ̀rí wà níbẹ̀ pé àwọn baba wa mọ ipò ẹni tó ń di okùn ẹṣin mú. Ó ní ilé, ó ní oúnjẹ, ó ní orúkọ láwùjọ.

Ojú irin dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ó gba Ẹdẹ kọjá, mọ́tò sì tẹ̀ lé e. Ẹṣin kò níṣẹ́ ogun mọ́, ó di ti ẹ̀yẹ àti ti fàájì. Ní Èkó, ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù pólò lórí ẹṣin ti wà láti ọdún 1904. Ẹṣin tí ọjọ́ orí tàbí ìpalára bá lé kúrò ní pápá pólò kì í sinmi. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n máa ń tà sí etíkun, níbi tí àwọn tó wá najú ti ń sanwó láti gùn ún lọ gùn ún bọ̀, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Bar Beach ni ojúkò iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó fi iyanrìn kún òkun níbẹ̀ láti kọ́ ìlú Eko Atlantic. Iṣẹ́ náà sún lọ sí etíkun Oniru, Ẹlẹ́gúshì àti Landmark. Lọ́dún 2024, katakata tún dé Landmark nítorí títì tí ìjọba àpapọ̀ ń là láti Èkó lọ sí Kàlàbá. Àwọn tí wọ́n wó ilé ìtajà wọn pariwo, a sì gbọ́ ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú. Àmọ́ ẹni tó fi ẹṣin ṣòwò kò ní ilé tí wọ́n wó, kò ní ìwé ilẹ̀, kò ní ìwé àṣẹ kankan tó lè gbé síwájú ìjọba. Ńṣe ni yóò tú okùn ẹran rẹ̀, tí yóò wá ibòmíràn lọ.

Ta ni ẹni náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, ọmọ àgbẹ̀ ni, láti abúlé kan ní Òkè Ọya. Òjò kì í pẹ́ lọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá ti kórè jéró àti ọkà bàbà tán, oko kò níṣẹ́ mọ́ fún oṣù púpọ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti ń gba ìhà gúúsù lọ wá owó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n tó padà lọ gbin oko. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti ń da àwọn abúlé Zamfara àti Katsina láàmú, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ rí oko tí wọn yóò padà sí mọ́. Ohun tí wọ́n mọ̀ láti kékeré ni wọ́n gbé wá sílùú, ìyẹn bí a ti ń bá ẹran gbé. Kí olùtọ́jú tó di gàárì, á fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹ̀yìn ẹṣin dáadáa, nítorí iyanrìn díẹ̀ tó bá há sábẹ́ aṣọ gàárì, egbò ni yóò dá kí ilẹ̀ tó ṣú, iyọ̀ omi òkun á sì máa ta á. Á gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, á yọ òkúta àti àfọ́kù ìgò lábẹ́ pátákò. Nínú ooru, ẹṣin kan lè mu tó lítà omi 40 lóòjọ́, omi mímu kò sì sí létíkun, àfi kó rà á. Koríko náà, rírà ni. Èèrí, rírà ni. Lórí gbogbo èyí, ẹṣin tó ń tọ́jú lè má jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó ni ín ń retí iye kan lálaalẹ́, ohun tó bá ṣẹ́ kù ni olùtọ́jú yóò fi jẹun. Ibí yìí gan-an ni ìyà ẹṣin ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà kò bá pọ̀, tí iye ti ọ̀gá kò sì tíì pé, kò sí bí ẹṣin ṣe fẹ́ sinmi.

Àwọn tó ń jà fún ẹranko á ní ìwà ìkà kò ní àwíjàre, òtítọ́ sì ni. Àwọn ẹṣin kan wà létíkun tí egungun ìhà wọn ṣeé kà. Ṣùgbọ́n kí ni òfin wa ṣe sí i? Abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà rẹ̀ sì ni ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí ìtanràn náírà 50. Náírà 50 kò lè kó ẹnikẹ́ni láyà jẹ lónìí. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, òfin náà mọ bí a ti ń jẹ ẹni tó ṣẹ̀ níyà, kò sọ iye wákàtí tí ẹṣin lè fi ṣiṣẹ́, kò sọ ibi tí yóò ti mu omi. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Ní Blackpool, ìlú etíkun kan ní Ìlú Ọba, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń gbé àwọn ọmọdé rìn lórí iyanrìn, láti ọdún 1942 ni ìlú náà sì ti ṣòfin fún wọn. Iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago 10 àárọ̀, kò gbọdọ̀ kọjá aago 7 alẹ́, wákàtí kan wà fún oúnjẹ ọ̀sán, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni ìsinmi. Ní New York, ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́ àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 9 lọ lẹ́nu iṣẹ́ lóòjọ́, ó ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 5 lọ́dún, ẹni tó ń wà á sì gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Èyí kò sọ pé New York ti bọ́ nínú wàhálà. Lóṣù Ògún ọdún 2022, ẹṣin kan ṣubú lójú títì níbẹ̀, ariwo pé kí wọ́n fòpin sí iṣẹ́ náà kò sì tíì rọlẹ̀. Àmọ́ nítorí pé ìwé àṣẹ wà, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò bi léèrè.

Àwọn mìíràn á ní, kí ló dé tí a kò kúkú fòfin de gbogbo rẹ̀? Wọ́n lè tọ́ka sí Mumbai ní Íńdíà, níbi tí ilé ẹjọ́ gíga ti dájọ́ lọ́dún 2015 pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò bófin mu mọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí ìjọba wá ọ̀nà àtijẹ mìíràn fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ náà jẹun. Apá ìdájọ́ yìí ni àwa máa ń gbójú fò. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwa fúnra wa kò tíì ṣe tán láti fi ẹṣin sílẹ̀. À ń háyà rẹ̀ fún ìgbéyàwó, fún ìsìnkú àgbà, fún ìwúyè àti fún Iléyá. Bí a bá fòfin dè é létíkun tí a sì ń háyà rẹ̀ lóde àríyá, ẹ̀yìnkùlé ni a kàn ti ẹran náà sí, níbi tí dókítà ẹran kò ti ní í rí i. Ní Dakar, àwọn àgbẹ̀ ṣì ń mú ẹṣin wọn wọ ìlú lẹ́yìn ìkórè láti fi ọmọlanke kó ẹrù. Ní Bamako, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń kó ìdọ̀tí láwọn àdúgbò tí ọkọ̀ ńlá kò lè wọ̀. Iṣẹ́ gidi ni, ìlú ló sì ń jàǹfààní rẹ̀.

Àtakò tó le jù ni ti ààbò, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Láti ìgbà tí ìjà darandaran àti àgbẹ̀ ti gbóná, tí àwọn gómìnà gúúsù sì pinnu ní Asaba lóṣù Èbìbí ọdún 2021 láti fòfin de fífi ẹran jẹ̀ kiri, ẹ̀rù àjèjì tó ń da ẹran ti wọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára. Ẹ̀rù náà ní ìdí. Síbẹ̀, ẹni tó di okùn ẹṣin kan ṣoṣo mú kò fi oko ẹnikẹ́ni jẹ̀. Rírà ló ń ra koríko. Bó bá sì jẹ́ pé a fẹ́ mọ ẹni tó ń bá wa gbé, ìforúkọsílẹ̀ ni yóò sọ ọ́ fún wa, kì í ṣe ìlélọ. Nígbà tí Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá láwọn ìjọba ìbílẹ̀ 6 lóṣù Òkúdù ọdún 2022, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí irú àwọn ọ̀dọ́ yìí ń ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹni tí a bá ti iṣẹ́ tó mọ̀ mọ́, a kò lè sọ pé a ti wá ààbò.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní etíkun fún olùtọ́jú ẹṣin ní ìwé àṣẹ, ibi òjìji, ẹ̀rọ omi àti dókítà ẹran tí yóò máa yẹ ẹṣin wò, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lu iye wákàtí iṣẹ́ lóòjọ́. Kí ẹni tó ni ẹṣin jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí òfin yóò mú bí ẹran bá jìyà, nítorí òun ló ń gba owó. Kí àwọn ìdílé tó ń gun ẹṣin níwájú ọba kọ orúkọ àwọn tó di okùn mú sínú ìwé ètò ọjọ́ náà, kí wọ́n sì bá wọn ṣe àdéhùn owó wọn lọ́tọ̀. Ìwọ tí o sì fẹ́ háyà ẹṣin fún ayẹyẹ rẹ, ní kí wọ́n tú gàárì kí o wo ẹ̀yìn ẹran náà. Bí egbò bá wà níbẹ̀, má gùn ún, àmọ́ san owó ọjọ́ náà fún olùtọ́jú rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè sinmi.