Táù: Okùn Inú Ọpọlọ àti Àìsàn Ìgbàgbé

Bí àgbàlagbà bá ń bèèrè ohun kan náà léraléra, tí kò sì dá ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ̀ mọ́, ohun tí Yorùbá sábà máa ń wí ni pé ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn án, pàápàá bí ó bá jẹ́ obìnrin. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi hàn pé ogbó nìkan kọ́ ni ó ń fa irú ìgbàgbé bẹ́ẹ̀. Àìsàn ni, ó sì ní àmì tí a lè fojú rí nínú ọpọlọ. Ọ̀kan nínú àmì náà ni purotéènì tí a ń pè ní táù.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní ẹ̀ka gígùn tí ó fi ń ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Nínú ẹ̀ka yìí ni àwọn ọ̀pá tín-ín-rín kan wà, tí inú wọn ṣófo bí ọparun. Àwọn ni òpó tí ó gbé ẹ̀ka náà ró. Àwọn náà ni ọ̀nà tí èròjà ń gbà dé òpin rẹ̀. Iṣẹ́ táù ni láti dì mọ́ àwọn ọ̀pá wọ̀nyí kí wọn má baà tú, gẹ́gẹ́ bí okùn tí a fi ń so ọparun òrùlé. Ní ọdún 1975 ni Marc Kirschner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Princeton, ní Amẹ́ríkà, kéde rẹ̀.

Ìwọ̀nba èròjà fọ́sífeètì ni ó yẹ kí ó wà lára táù. Bí ó bá pọ̀ jù, táù a já kúrò lára ọ̀pá. Ewu méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní, ọ̀pá tí kò ní ìdè mọ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Èkejì, àwọn okùn tí ó já náà a lọ́ mọ́ra wọn, wọn a sì ta kókó nínú sẹ́ẹ̀lì. Bópẹ́ bóyá, sẹ́ẹ̀lì náà a kú.

Kókó yìí ni Alois Alzheimer, oníṣègùn ará Jámánì, ṣàlàyé ní ọdún 1906 lẹ́yìn tí ó yẹ ọpọlọ Auguste Deter wò, obìnrin tí ó kú ní ọmọ ọdún 55. Ó tún rí ìdọ̀tí tí ó ṣù jọ sí ẹ̀yìn àwọn sẹ́ẹ̀lì, èyí tí a mọ̀ sí àmílọ́ìdì. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àmílọ́ìdì ni ó ń ṣáájú, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni táù ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1998, a rí àwọn ẹbí tí àléébù wà nínú jíìnì táù wọn, tí ọpọlọ wọn sì ń bàjẹ́ láìsí àmílọ́ìdì. Èyí fi hàn pé táù nìkan tó ba ọpọlọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1992, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà Ìdíkàn, ní Ìbàdàn, wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis. Àbọ̀ ọdún 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, àìsàn Alzheimer ń bẹ̀rẹ̀ lára ìdá 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, àti ìdá 2.52 ní Indianapolis. Ti Ìbàdàn kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kò sí.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí oògùn tí ó ń wo àìsàn náà sàn. Ìtọ́jú ilé ni olórí ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà, orúkọ tí a bá pè é ṣe pàtàkì. Ẹni tí a ní ó ń ṣarán, ẹ̀rín ni a ó fi rín; ẹni tí a pè ní àjẹ́, a ó sá fún un. Ẹni tí a bá mọ̀ pé ó ń ṣàìsàn ni a ó tọ́jú.