Odò Ọya: Ààlà ni, Ojú Ọ̀nà Ọjà Wa sì Ni

Gbogbo wa la máa ń sọ pé iṣu àti ẹ̀wà ti Òkè Ọya dé. Odò Ọya náà là ń wí.

Ní Jẹ́bà, odò yìí ló pààlà sáàárín Ìpínlẹ̀ Kwara ní gúúsù àti Ìpínlẹ̀ Niger ní àríwá. Erékùṣù kan wà láàárín omi níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni afárá rélùwéè tí wọ́n parí ní 1916 gbà kọjá.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni odò náà ń kún lọ́dún. Àkọ́kọ́ ni ti òjò ilẹ̀ wa. Omi kejì ti òkè Gínì wá. Irà ńlá ilẹ̀ Málì a dá a dúró, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kó tó dé. Odò náà ni wọ́n ń sé ní Kainji láti 1968 fún iná mànàmáná.

Bí òjò bá ba ọ̀nà jẹ́, lọ́rì á há, iṣu á jẹrà, owó á sì wọmi. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó ọkọ̀ lásìkò òjò, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà Jẹ́bà sí Mokwa ṣe rí. Ẹ má sì kó gbogbo ẹrù sínú ọkọ̀ kan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.