Dísìkì Kọ̀ǹpútà: Èyí Tó Wọ́n, Èyí Tó Pọ́ọ́kú, àti Èyí Tó Tó Wa Lò

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn àti omi adágún la sọ. Lónìí, ọjà là ń ná. Kì í ṣe ọjà àgbàdo, kì í ṣe ọjà epo. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti máa sọ níbẹ̀ pé, "Olùkọ́, kí ló kan àwa àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?" Ó kàn yín o. Àwọn ìyá kan tó ń ṣe gààrí pa pọ̀ ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wa. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ni wọ́n fi ń kọ ìwé owó ẹgbẹ́: ẹni tó dáwó, ẹni tó yáwó, iye àpò gààrí tó jáde. Akọ̀wé wọn ní bí òun bá tàn án láàárọ̀, òun á gbálẹ̀ tán, òun á fọ abọ́ tán, kó tó ṣí. Ó sú wọn. Wọ́n ti fẹ́ kó owó àjọ ọdún kan jáde láti fi ra tuntun. Wọ́n wá bi wá pé: ṣé kọ̀ǹpútà yìí ti kú ni, àbí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí a lè pààrọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdáhùn, ká tó máa tú u wò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà kò tíì kú. Dísìkì inú rẹ̀ ló ń fà á sẹ́yìn.

Kí ni dísìkì?

Dísìkì ni àká kọ̀ǹpútà. Ohun tí ẹ bá kọ, àwòrán, orin, àti àwọn ètò tó ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́, inú àká yìí ni gbogbo wọn ń sùn sí nígbà tí a bá pa á. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà wa.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń yí, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní disque dur. Àwo pẹlẹbẹ wà nínú rẹ̀ tó ń yí bí àwo orin ayé àtijọ́. Apá kékeré kan ń lọ, ó ń bọ̀ lórí àwo náà, ó ń wá ohun tí a béèrè. Ilé iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1956. Àwo 50 ló wà nínú tiwọn, ó sì tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, síbẹ̀ ohun tó lè gbà kò ju nǹkan bíi mẹ́gà 5 lọ. Orin kan ṣoṣo lórí fóònù yín lónìí lè tó bẹ́ẹ̀! Nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká, àwo yìí sábà máa ń yí ní ìgbà 5400 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Èkejì ni SSD. Kò ní àwo, ohunkóhun kò yí nínú rẹ̀, kò sì pariwo. Àwọn yàrá tín-ín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló wà nínú rẹ̀, iná mànàmáná ló sì fi ń pa nǹkan mọ́ síbẹ̀. Irú ohun tó wà nínú káàdì mẹ́mórì fóònù yín náà ni. Ará Japan kan, Fujio Masuoka, tó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ló fi ìpìlẹ̀ ọgbọ́n yìí lélẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980.

Ẹ wá wo àwọn ìyá ọlọ́jà méjì. Ti àkọ́kọ́ kó gbogbo ọjà rẹ̀ sí ilé ìkẹ́rùsí lẹ́yìn ọjà. Oníbàárà ní, "Fún mi ní iyọ̀." Á dìde, á lọ, á bọ̀. "Fún mi ní màgí." Á tún dìde. Ìyá kejì jókòó sáàárín ọjà tirẹ̀, ohun gbogbo wà ní àrọ́wọ́tó. Ta ló máa tètè dá oníbàárà lóhùn? Kọ̀ǹpútà tó ń jí láàárọ̀ máa ń béèrè ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan kéékèèké. Dísìkì tó ń yí lè dé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ibi láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè má tó bẹ́ẹ̀. SSD olówó pọ́ọ́kú pàápàá á dé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi. Ìdí tí akọ̀wé wa fi ń fọ abọ́ tán nìyẹn.

Èmi náà pààrọ̀ ti kọ̀ǹpútà tí mo fi ń ṣètò ọ̀rọ̀ rédíò yìí. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi ń ṣí. Ní báyìí, kò tó ìdajì ìṣẹ́jú. Kọ̀ǹpútà kan náà ni o.

Ṣé èyí tó yára jù ni ká rà?

SSD fúnra rẹ̀ tún pín sí méjì. Ọ̀kan ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní SATA, èkejì ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní NVMe. Ẹ jẹ́ ká fi fíìmù ìgbéyàwó kan tó jẹ́ gígà 4 wọn ìyára wọn. Dísìkì tó ń yí á kà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 40. SSD ti SATA á kà á ní nǹkan bí 8. SSD ti NVMe tó dára á kà á ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti díẹ̀.

Ẹni tó ń tajà á wá sọ fún yín pé, "Ẹ mú NVMe, òun ló yára jù." Ẹ dúró ná. Bí ẹ bá ra alùpùpù tí wọ́n fi ń sáré ìje, tí ọ̀nà abúlé yín sì jẹ́ iyanrìn, ṣé ẹ ó ṣáájú zémìjàn délé ni? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ kò tilẹ̀ ní ojúhò tí NVMe máa wọ̀. Ọ̀nà SATA ni wọ́n ní, ọ̀nà náà kò sì gbà ju nǹkan bíi mẹ́gà 550 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tó tún dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í gbà tó 300. Owó tí ẹ bá san lé e, ẹsẹ̀ ọ̀nà ló máa jókòó sí.

Bí ojúhò náà bá tiẹ̀ wà, iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe? Láti orí dísìkì tó ń yí bọ́ sórí SATA, ó dà bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ tó wá rí alùpùpù gùn. Láti SATA bọ́ sórí NVMe, ẹni tó ń kọ ìwé owó lè má mọ ìyàtọ̀ rárá. Àwọn tó ń gé fíìmù, tó ń tò ó pọ̀ ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ dáadáa. Ẹ tún gbọ́ eléyìí: bí ẹ bá ń da fíìmù ọ̀hún sórí USB kékeré olówó pọ́ọ́kú, USB yẹn ló máa sọ bí ẹ ó ṣe yára tó, kì í ṣe SSD yín.

Bí a ṣe ń wọn owó rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá mọ tóńgólò. Bí àpò gààrí méjì bá wà níwájú yín tí owó wọn yàtọ̀, ẹ ó béèrè pé tóńgólò mélòó ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gígà ni tóńgólò dísìkì. Ẹ pín owó sí iye gígà. Iye tí mo fẹ́ dá yìí, ìṣirò lásán ni, kì í ṣe iye ọjà òní o. Ká ní SSD gígà 240 jẹ́ 18,000 fáráǹkì: gígà kan jẹ́ 75 fáráǹkì. Ká ní gígà 480 jẹ́ 28,800: gígà kan jẹ́ 60. Ká ní dísìkì tó ń yí, gígà 1000, jẹ́ 25,000: gígà kan jẹ́ 25 péré.

Lójú tóńgólò, dísìkì tó ń yí ló pọ́ọ́kú jù. Ṣùgbọ́n gígà mélòó lẹ ní lò? Ìwé owó ẹgbẹ́ kan fún ọdún mẹ́wàá, bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àti iye owó nìkan ló wà níbẹ̀, kò lè kún gígà kan. Gígà 240 gba àwọn ètò kọ̀ǹpútà, ó gba ìwé yín, ó sì tún ṣẹ́kù. Ta ni ń kọ́ àká ńlá sílẹ̀ fún àpò àgbàdo kan? Ẹni tó ń kó fíìmù àti àwòrán pamọ́ ni dísìkì ńlá tó ń yí yẹ fún.

Ẹ béèrè iye lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta, ní Ouando tàbí ní Kútọnu, lọ́jọ́ kan náà. Owó dísìkì máa ń lọ sókè sódò bí ti àgbàdo. Ní 2011, omíyalé bo àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dísìkì ní Thailand, owó rẹ̀ sì fò sókè káàkiri ayé. Dọ́là náà wà níbẹ̀. Owó wa so mọ́ yúrò, 655.957 fáráǹkì fún yúrò kan, ṣùgbọ́n dọ́là ni wọ́n fi ń ra ẹrù yìí láti òkèèrè. Bí dọ́là bá gbówó lórí yúrò, ẹni tó ń tà á níbí á fowó lé e.

Ṣé olówó pọ́ọ́kú á pẹ́?

Àwọn yàrá inú SSD máa ń gbó bí a ṣe ń kọ nǹkan sínú wọn. Ilé iṣẹ́ máa ń sọ iye tí a lè kọ kó tó rẹ̀ ẹ́. Kingston A400 àti Crucial BX500, ti gígà 240, téra 80 ni wọ́n sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gàráǹtì ọdún 3. Samsung 870 EVO, ti gígà 250, téra 150 ni, pẹ̀lú gàráǹtì ọdún 5. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Téra 80 jẹ́ gígà 80,000. Bí akọ̀wé bá ń kọ gígà 10 lójoojúmọ́, èyí tó pọ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ fíìfíì, ọjọ́ 8,000 nìyẹn. Ó ju ọdún 21 lọ! Kọ̀ǹpútà náà á ti kú ṣáájú. Samsung dára, ọdún méjì gàráǹtì tó lé lórí ni ẹ fi owó rà. Bí owó kò bá sí, olówó kékeré tó jẹ́ ojúlówó ti tó.

Ojúlówó ni mo wí o.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ra SSD kan tí wọ́n kọ téra 2 sí lára, ní iye tí kò tó ti gígà 240 gidi. Inú mi dùn. Mo kó ohùn àwọn àgbà tí mo ti gbà sílẹ̀ káàkiri abúlé sínú rẹ̀, ìtàn, oríkì, orin ìyàwó, mo sì pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí àyè lè wà. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí wọn, mo rí orúkọ, n kò rí ohùn. Ẹni tó bá mi tú nǹkan náà fi inú rẹ̀ hàn mí: káàdì mẹ́mórì kékeré kan, àti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kó lè wúwo lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ń sọ téra 2, ikùn rẹ̀ kò ju gígà 64 lọ. Bó ṣe kún, ó ń kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí.

Ìyá àgbà kan wà lára àwọn tí mo gba ohùn wọn. Kí n tó padà dé abúlé wọn, a ti sin wọ́n. Oríkì ìdílé tí wọ́n kì fún mi lọ́jọ́ náà, n kò tíì rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kì bẹ́ẹ̀ mọ́. Owó tí mo rò pé mo dín kù, ohun tó bá a lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di àwọn nǹkan wọ̀nyí mú:

Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà dání lọ sọ́jà, kí wọ́n tú u, kí wọ́n wo irú ojúhò tó ní, kí ẹ tó sanwó.

Bí iye rẹ̀ bá kéré ju ti gbogbo ọjà lọ jìnnà, ẹ sá. Èyí tó ní òun jẹ́ téra púpọ̀ ní owó ẹyọ kan, ẹ sá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gba ìwé owó tí wọ́n kọ orúkọ dísìkì, iye gígà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sí. Gàráǹtì tí kò sí nínú ìwé, atẹ́gùn ni.

Ẹ ní kí wọ́n dán an wò kí ẹ tó kó ohunkóhun sínú rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà fún Windows, H2testw. Ti Linux ń jẹ́ F3. Wọ́n á kọ nǹkan kún dísìkì náà, wọ́n á sì kà á padà. Ó lè gba wákàtí, ṣùgbọ́n kò sí èké tó ń là á kọjá.

Ẹ má sọ dísìkì àtijọ́ nù. Kí wọ́n da ohun inú rẹ̀ sínú tuntun, kí wọ́n wá fi ti àtijọ́ sínú àpótí kékeré tó ń lo USB. Ibẹ̀ ni kí akọ̀wé máa da ẹ̀dà ìwé owó sí lóṣooṣù. Dísìkì tó ń yí sábà máa ń kígbe kó tó kú, SSD lè kú láìsọ ohunkóhun. Bí ẹ bá sì gbé SSD sínú àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfún un ní iná, pàápàá nínú ooru wa yìí, ohun inú rẹ̀ lè pòórá.

SSD kò ní wo gbogbo àìsàn sàn o. Bí mẹ́mórì RAM kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ gígà 2 péré, á ṣì máa wọ́ ẹsẹ̀. Bí bátìrì bá ti kú tí iná sì lọ lójijì, ohun tí ẹ kò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Ẹ tún rántí pé Microsoft ti dáwọ́ títún Windows 10 ṣe dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Bí kọ̀ǹpútà yín kò bá lè gba Windows 11, ẹ bi ẹni tó ń tún un ṣe nípa Linux, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ṣe gààrí, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó àjọ. SSD SATA kan tó jẹ́ ojúlówó, gígà 240, ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò. Bí kò bá ràn yín lọ́wọ́, owó tuntun ṣì wà nílẹ̀.

Kí ẹ tó tú ká, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jíròrò mẹ́ta yìí: Kí ni a ń fi kọ̀ǹpútà wa ṣe gan-an? Ibo ni ẹ̀dà kejì ìwé owó wa wà? Bí dísìkì wa bá kú lálẹ́ òní, kí ni a kò ní rí gbà padà mọ́? Ẹ fi ìdáhùn ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná. Ire o.