Yíyan Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ilé Ìjọsìn àti Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Kìrìsìtẹ́nì Ìjímìjí: Àpẹẹrẹ láti Etíkun Ìlàjẹ

Àṣamọ̀

Olùkọ́ tí ó ń fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ìtàn ìjọ tàbí iṣẹ́ ọnà a máa bá ìṣòro ọ̀rọ̀ pàdé nígbà tí ó bá dé orí ilé ìjọsìn àti àwòrán àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìjímìjí àti ti ilẹ̀ ọba Byzantium. Iṣẹ́ yìí fi hàn pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ nílò ti wà nínú Bíbélì Yorùbá, nínú ìṣe àwọn ìjọ Aládùúrà, àti nínú ìgbé ayé àwọn apẹja etíkun Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Kókó rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni ó yẹ kí á wò kí á tó sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe ìrísí rẹ̀ nìkan.

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá iṣẹ́ ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìperí mu régí. Láti ìgbà tí Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde ní 1984, tí èyí tí Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990, ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ti ní ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ lè gbára lé. Iṣẹ́ ọnà àti ilé kíkọ́ kò rí irú àǹfààní yìí gbà tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni bá fẹ́ ṣàlàyé ilé ìjọsìn ayé àtijọ́ fún kíláàsì rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó sábà máa ń tọ̀. Ó lè fi ọ̀rọ̀ àjèjì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà, ó sì lè pe gbogbo rẹ̀ ní tẹ́ńpìlì, pẹpẹ àti ère. Ọ̀nà àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí ọmọ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Èkejì ń ṣì í lọ́nà.

Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi mú etíkun Ìlàjẹ ṣe àpẹẹrẹ kò fara sin. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù, tí Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1925, fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàrin àwọn apẹja ibẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni àwọn tí a mọ̀ sí Àpọ́sítélì Mímọ́ ti yà jáde, tí wọ́n sì tẹ Àyétòrò dó sí etí òkun ní 1947. Orí òpó igi ni wọ́n kọ́ ilé sí. Pákó ni wọ́n tò ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń rìn. Ọmọ tí ó dàgbà láàrin irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ ibi tí a ti ń bọ́ bàtà kí á tó wọ ilé àdúrà, ó sì mọ ibi tí kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ ni ó ń tẹ̀ ẹ́. Lórí ohun tí ọmọ mọ̀ yìí ni ó yẹ kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Láti inú ilé gbígbé dé inú gbọ̀ngàn

Ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta àkọ́kọ́, inú ilé gbígbé ni ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì ti ń jọ́sìn. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ ni ti Dura-Europos ní ilẹ̀ Síríà, tí wọ́n tún ṣe fún ìjọsìn ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kẹta. Wọ́n wó ògiri tí ó wà láàrin yàrá méjì kí àyè lè gba ìjọ, wọ́n sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìrìbọmi, wọ́n ya àwòrán sí ara ògiri rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ Aládùúrà ni ó bẹ̀rẹ̀ báyìí nínú pálọ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹnì kan, nítorí náà ‘ilé àdúrà’ ti tó fún un, ‘yàrá ìrìbọmi’ sì tó fún èkejì.

Nígbà tí Constantine àti Licinius fún àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní òmìnira ìjọsìn ní 313, ìjọ nílò ilé ńlá. Wọn kò mú tẹ́ńpìlì àwọn ará Róòmù ṣe àwòkọ́ṣe. Ilé ère ni tẹ́ńpìlì náà. Ìta gbangba, níwájú rẹ̀, ni wọ́n ti ń rúbọ. Ohun tí ìjọ mú ni basilica, gbọ̀ngàn gbọọrọ tí àwọn ará Róòmù ti ń dájọ́ tí wọ́n sì ti ń ṣòwò, níbi tí èrò púpọ̀ lè péjọ sí abẹ́ òrùlé kan. Bí olùkọ́ bá túmọ̀ basilica sí tẹ́ńpìlì, ó ti gba ìyàtọ̀ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ìgbà náà fi ọwọ́ ara wọn ṣe lọ́wọ́ wọn. ‘Gbọ̀ngàn ìjọsìn’ ni ó sọ òótọ́ nípa rẹ̀.

Ìloro, ọkọ̀ àti pẹpẹ

Ẹni tí ó bá ń wọ gbọ̀ngàn náà yóò kọ́kọ́ kọjá ní narthex, àyè tóóró tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni àyè àwọn tí wọ́n ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí wọn kò tíì ṣe ìrìbọmi. Bíbélì Yorùbá, tí ó jáde lódidi ní 1884, ti lo ‘ìloro’ fún àyè tí ó wà níwájú tẹ́ńpìlì Sólómọ́nì. Kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Láti ìloro ni a ó ti bọ́ sí nave, níbi tí ìjọ ń dúró sí. Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí navis ti túmọ̀ sí ọkọ̀ ojú omi. Ìwé ìlànà ìjọ kan tí ó ti wà láti ìparí ọ̀rúndún kẹrin, tí a ń pè ní Apostolic Constitutions, fi ilé ìjọsìn wé ọkọ̀: kí ó gùn, kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, kí bíṣọ́ọ̀bù dà bí ọ̀gá atukọ̀, kí àwọn díákónì sì dà bí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ó ti mọ̀ pé èrò kì í jókòó sínú ọkọ̀ bí ó bá ṣe wù ú, nítorí bí ọkọ̀ bá tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo èrò ni omi yóò gbé. ‘Ọkọ̀ ìjọ’ ni iṣẹ́ yìí dábàá fún nave, kí á sì pe àyè tí ó wà lẹ́yìn ọwọ̀n lọ́tùn-ún lósì ní ‘ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún’ àti ‘ẹ̀gbẹ́ òsì’. Kí olùkọ́ fi ‘ọwọ̀n’ mọ sí ti òkúta, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ti lò ó fún àwọn ilé ńlá, kí ó sì fi ‘òpó’ sílẹ̀ fún igi.

Ọ̀rọ̀ tí ó gba ìṣọ́ra ni ‘pẹpẹ’. Kí ìgbàgbọ́ tó dé, ibi gíga tí a fi amọ̀ mọ tàbí tí a fi pákó kàn láti gbé nǹkan lé ni pẹpẹ. Bíbélì wá lò ó fún ibi ìrúbọ. Nínú àwọn ìjọ Aládùúrà, ó tún ti gbòòrò: gbogbo àyè mímọ́ tí ó wà níwájú ìjọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìtumọ̀ mẹ́ta ni ó wà lórí ọ̀rọ̀ kan yìí, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ èyí tí olùkọ́ ń sọ. Ó sàn kí ‘pẹpẹ’ jẹ́ ti tábìlì oúnjẹ Olúwa nìkan, kí gbogbo àyè náà jẹ́ ‘ibi mímọ́’, kí kọ̀rọ̀ tí ó rí bí ìlàjì òbìrí lẹ́yìn rẹ̀, tí a ń pè ní apse, níbi tí bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn àlùfáà ń jókòó sí, sì jẹ́ ‘ẹ̀yìn-pẹpẹ’.

Òrùlé onígbá

Hagia Sophia ní Constantinople, tí ó ń jẹ́ Istanbul lónìí, ni ó gbé òrùlé ìjọ Byzantium dé góńgó. Ọba Justinian ni ó pàṣẹ rẹ̀. Anthemius ará Tralles àti Isidore ará Miletus ni wọ́n ya àwòrán ilé náà, wọ́n sì kọ́ ọ láàrin 532 àti 537. Òrùlé àárín rẹ̀ rí bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fẹ̀ tó mítà 31, orí rẹ̀ sì ga tó mítà 55 láti ilẹ̀. ‘Òrùlé onígbá’ ni orúkọ tí ọmọdé yóò gbọ́ tí yóò sì rí nǹkan náà lọ́kàn rẹ̀.

Ìṣòro tí àwọn oníṣẹ́ náà yanjú ni bí igbá róbótó yóò ṣe jókòó sórí ilé onígun mẹ́rin. Wọ́n kọ́ ògiri olójú mẹ́ta tí ó tẹ̀ kọrọdọ sí igun kọ̀ọ̀kan láti gbé ẹrù òrùlé sọ̀ kalẹ̀ sórí òpómúléró mẹ́rin. Pendentive ni wọ́n ń pe ìgun kọ̀ọ̀kan. ‘Igun agbórùlé’ ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹrù náà wúwo, ó sì ń ti ògiri síta. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀, òrùlé àkọ́kọ́ wó ní 558. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ní 562 ga jù ú lọ kí títì náà lè dínkù. Ilé náà di mọ́sáláṣí ní 1453, ó di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 1934, ó sì tún padà di mọ́sáláṣí ní 2020.

Níbí ni olùkọ́ ti lè bi kíláàsì ní ètè odò pé kí ló dé tí àwọn baba wọn kò fi kọ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kò sí nínú ọgbọ́n. Ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ kì í gba ẹrù bíríkì. Pákó àti páànù ni ó fúyẹ́ tó fún òpó inú omi. Ilẹ̀ ni ó ń sọ irú ilé tí yóò gbà.

Òkúta wẹ́wẹ́ lára ògiri

Àwòrán tí ó wà nínú ìjọ San Vitale ní Ravenna, ní Ítálì, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 547, kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi yà á. Òkúta àti gíláàsì wẹ́wẹ́, tí a fi wúrà sí inú òmíràn, ni wọ́n tò mọ́ ara wọn títí ó fi di Justinian àti Theodora pẹ̀lú àwọn ìsọ̀ǹgbè wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá àwọn ègé náà ní ìdagẹ̀rẹ̀ kí iná àbẹ́là lè máa tàn lára wọn. Yorùbá ní iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ọn: àpáàdì tí àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ tò sí ilẹ̀ ní ègé ní ègé. Ilẹ̀ ni ti Ifẹ̀, ògiri ni púpọ̀ nínú ti Byzantium, ṣùgbọ́n títò ni méjèèjì. ‘Àwòrán àtòpọ̀’ ni iṣẹ́ yìí dábàá fún un.

Ère kọ́ ni gbogbo àwòrán

Ibi tí àṣìṣe ti lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́ jù lọ ni icon. Pátákó pẹlẹbẹ ni, tí wọ́n ya Jésù, Màríà tàbí ẹni mímọ́ mìíràn sí. Ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ ẹ. Ohun tí a gbẹ́ tàbí tí a mọ ni ère. Bí olùkọ́ bá pe icon ní ère, tàbí tí ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó pè é ní òrìṣà, ó ti dájọ́ kí kíláàsì tó gbọ́ ẹjọ́. Ẹjọ́ náà sì le ní Byzantium. Láti nǹkan bí 726 sí 787, àti láti 815 sí 843, àwọn ọba kan fòfin de àwòrán mímọ́, wọ́n sì ba púpọ̀ jẹ́. Àpérò Nicaea ti 787 gbè sẹ́yìn àwòrán, ó sì pín nǹkan sí ọ̀nà méjì: latreia, tí ó tọ́ sí Ọlọ́run nìkan, àti proskynesis, ọ̀wọ̀ tí ènìyàn lè fún àwòrán nítorí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀.

Èdè Yorùbá lè pín in bẹ́ẹ̀ láìṣe wàhálà, bí a bá yan ọ̀rọ̀ dáadáa. ‘Ìsìn’ bá latreia mu. ‘Ìforíbalẹ̀’ kò yẹ fún èkejì, nítorí pé Bíbélì Yorùbá ti lò ó fún ìsìn Ọlọ́run. ‘Ìbọ̀wọ̀’ ni ó yẹ. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ fún baba rẹ̀ ní òwúrọ̀ kò sin baba rẹ̀, gbogbo kíláàsì ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nípa àpẹẹrẹ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè lóye ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn àwòrán ń sọ, yálà ó gbà pẹ̀lú wọn tàbí kò gbà. ‘Àwòrán mímọ́’ ni kí á máa pe icon. Ògiri tí wọ́n fi í bò níwájú ibi mímọ́ sì lè jẹ́ ‘ìkélé alàwòrán’, nítorí iṣẹ́ aṣọ ìkélé inú Bíbélì ni ó ń ṣe.

Ẹja àti ìdákọ̀ró

Àwọn àmì ni ó rọrùn jù. Clement ará Alexandria gba àwọn onígbàgbọ́ nímọ̀ràn pé kí òǹtẹ̀ òrùka wọn jẹ́ àdàbà, ẹja, ọkọ̀, háàpù tàbí ìdákọ̀ró. Ẹja ní ìtumọ̀ mìíràn: lẹ́tà márùn-ún tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀ lédè Gíríìkì ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí Jésù Kristi, Ọmọ Ọlọ́run, Olùgbàlà. Ìdákọ̀ró dúró fún ìrètí, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Hébérù ti wí. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí a ó ṣẹ̀dá níbí. Ohun èlò inú ọkọ̀ baba ọmọ náà ni gbogbo wọn.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìloro, ọwọ̀n, pẹpẹ, ìkélé àti ìdákọ̀ró wà nílẹ̀, tí ọkọ̀ ìjọ, òrùlé onígbá, igun agbórùlé, àwòrán àtòpọ̀ àti àwòrán mímọ́ sì ṣeé dá láti ara ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀. Ìmọ̀ràn tí ó kù fún àwọn olùkọ́ni ni pé kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sí ilé ìjọsìn ìlú wọn, kí wọ́n ya àwòrán ìpín rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè orúkọ apá kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn àgbà ìjọ. Iṣẹ́ yìí kò gba ìdádúró ní etíkun. Òkun ti gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé àti ọ̀nà ní Àyétòrò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn ènìyàn sì ń kó lọ. Bí ilé bá lọ, tí àwọn tí wọ́n mọ orúkọ apá rẹ̀ sì fọ́nká, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ yóò bá wọn lọ.