Ewé Tó Pa Jẹjẹrẹ Ẹnu Nínú Àwo

Ìròyìn kan wà tí àwọn ẹbí mi kì í pẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: ewé báyìí ti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹnu ní yàrá ìwádìí. Irọ́ kọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Àwọn onímọ̀ á sá ewé, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi tàbí ọtí líle kí agbára rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á kán an sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo oníke tó ní ihò kéékèèké 96. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á fi èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan, MTT, sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á sọ ọ́ di elésè àlùkò; èyí tó ti kú kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọṣẹ pàápàá lè pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Nítorí náà, ìbéèrè tèmi ni pé: ǹjẹ́ ewé náà dá sẹ́ẹ̀lì tó lera sí? Ǹjẹ́ ó lè dé ibi tí àrùn wà? Èròjà inú ata ilẹ̀ pupa ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹnu nínú àwo, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e mì, díẹ̀ péré ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀.

N kò fojú tẹ́ńbẹ́lú ewé o. Ní Kánádà, Robert Noble àti Charles Beer yẹ ewé òdòdó Madagásíkà kan wò, èyí tí àwọn ará Jàmáíkà ń lò fún ìtọ̀ ṣúgà. Kò dín ṣúgà kù, ṣùgbọ́n ó dín sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ eku kù. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ vinblastine ní 1958, tí àwọn dókítà ṣì fi ń tọ́jú oríṣi jẹjẹrẹ kan títí di òní, ní ìwọ̀n tí wọ́n ń ṣọ́ gidigidi.

Ewé ń jẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láti inú àwo dé ẹnu aláìsàn, jẹjẹrẹ kì í sì í dúró deni. Bí egbò, wúwú, tàbí àmì funfun tàbí pupa bá wà lẹ́nu yín ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá dókítà eyín. Bí ẹ bá ń mu tábà tàbí ọtí, ẹ má ṣe fi falẹ̀ rárá. Bí wọ́n bá tètè rí i, iṣẹ́ abẹ lè mú un kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àgbo gba àkókò yẹn lọ́wọ́ yín.