Ta Ló Ni Ṣúùtìn?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Saint-Étienne ti ilẹ̀ Faransé lọ sí Glasgow láti du ife-ẹ̀yẹ tó ga jù lọ ní Yúróòpù, Bayern Munich sì fi góòlù kan ṣoṣo gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bọ́ọ̀lù wọn lọ lu igi òkè lọ́jọ́ náà, igi onígun mẹ́rin, tó sì ta padà sínú pápá. Nígbà tí wọ́n padà sílé, àwọn ará Paris, tí kì í tilẹ̀ ṣe ìlú wọn, tú síta láti kí wọn. Wọ́n fi mọ́tò gbé wọn gba òpópónà Champs-Élysées bí ìgbà tí wọ́n gba ife bọ̀. Ní ọdún 1984, Shooting Stars ti Ìbàdàn náà dé ìpele àṣekágbá irú ife bẹ́ẹ̀ ní Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì na wọ́n 2–0 ní Cairo, ó tún na wọ́n 1–0 l'Ékòó. Lẹ́yìn ìyẹn ni gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tú ẹgbẹ́ náà ká.

Ìṣẹ̀lẹ̀ méjì yìí ni mo máa ń rò papọ̀ tí wọ́n bá bi mí pé ta ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á dáhùn pé ẹni tó ń sanwó ni. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń pe orúkọ ẹgbẹ́ ló ni ín, tó ń pè é nígbà tó bá jáwé olúborí, tó ṣì ń pè é nígbà tó bá lulẹ̀. Ìyọnu tó wà níbẹ̀ ni pé ní ilẹ̀ wa, ẹni tó ni ín yẹn kò ní àṣẹ kankan lórí rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ará ìlú ló dá ẹgbẹ́ ti Faransé sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Casino, tó ń ta oúnjẹ ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní 1919. Àwọ̀ ewé tí wọ́n ń wọ̀ di òní, ara ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n ti mú un, orúkọ olówó tó dá Casino sílẹ̀, Geoffroy Guichard, ló sì wà lára pápá wọn. Ọ̀nà kan náà ni ti Ìbàdàn gbà wáyé. WNDC, àjọ ìdàgbàsókè tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀, ló kọ́kọ́ ní ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó yá ó bọ́ sábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn, orúkọ rẹ̀ di IICC. Àmọ́ àwọn tó ń kún Liberty Stadium fọ́fọ́ kò fi orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan pè é. Ṣúùtìn ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, jagunjagun àtijọ́, ṣe oríkì rẹ̀: ọmọ ogun Olúyọ̀lé. Ìwé ìjọba lè yí orúkọ padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èyí tó wà lẹ́nu àwọn èèyàn kò yí.

Ohun tí wọ́n sì rí ló jẹ́ kí orúkọ náà mọ́ wọn lẹ́nu. Ní ọdún 1976 yẹn kan náà, Ṣúùtìn pàdé Tonnerre ti Yaoundé, ẹgbẹ́ tó gba ife àwọn olúborí ìdíje ife Áfíríkà ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dá ìdíje náà sílẹ̀. Wọ́n nà án 4–1 n'Íbàdàn. Nígbà tí wọ́n lọ sí Yaoundé, góòlù kan péré ni Tonnerre rí jẹ. Báyìí ni Ṣúùtìn di ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife kọ́ńtínẹ́ǹtì wálé. Ẹ wo àwọn tó wà nínú rẹ̀: Muda Lawal, ọmọ Abẹ́òkúta, mẹkáníìkì ni kó tó di agbábọ́ọ̀lù, Segun Odegbami, akẹ́kọ̀ọ́ Pọ́lì Ìbàdàn. Ní oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria 3–0 ní Súúrùlérè láti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà nígbà àkọ́kọ́, Odegbami ti gbá èkínní wọlé kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, ó fi èkejì kún un kí wọ́n tó lọ sinmi, Lawal sì gbá ẹ̀kẹta. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, ìlú kan ṣoṣo, ló bí góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹnì kan lè sọ pé ẹ̀yà ni gbogbo rẹ̀ dá lé, pé ohun tó so àwọn èèyàn mọ́ Ṣúùtìn ni pé wọ́n fẹ́ na Rangers ti Enugu, ní ìgbà tí ogun abẹ́lé kò tíì parí tó ọdún mẹ́wàá. N kò lè sọ pé irọ́ ni pátápátá. Ìgbóná ìfigagbága ti 1977, tí Rangers fi pẹ́náritì yege, kò ṣẹlẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù nìkan. Ṣùgbọ́n Philip Boamah tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ n'Íbàdàn, ọmọ Gánà ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Saint-Étienne: ní 1967, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mali kan, Salif Keita, bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù ní Paris, kò rí ẹni tó wá pàdé rẹ̀, ó wọ takisí, ó ní kí ó gbé òun lọ sí Saint-Étienne, ìrìn tó lé ní 500 kìlómítà. Ẹgbẹ́ ló san owó takisí náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Keita di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n fi joyè agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó dára jù lọ. Kì í ṣòro fún ìlú tó mọ ara rẹ̀ láti gba àlejò mọ́ra.

Àtakò tó wúwo jù ni ti owó. Wọ́n á ní bí ìjọba kò bá sanwó, ta ni yóò san? Kí wọ́n fà á lé olówó kan lọ́wọ́ ni ọ̀pọ̀ ń dá lábàá. Ó dára, a ti dán an wò. Leventis United, n'Íbàdàn kan náà, gba líìgì àti ife FA ní 1984, ó tún gba méjèèjì ní 1986. Abiola Babes gba ife FA ní 1985 àti 1987. Nígbà tí àwọn tó ni wọ́n kọ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n pòórá, kò sì sẹ́ni tó jí wọn dìde. Ṣúùtìn tí ìjọba tú ká ńkọ́? Ó padà. Ó gba ife CAF ní 1992, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà, ó gba líìgì ní 1995 àti 1998, ó tún bá Zamalek dé àṣekágbá ní 1996, tó jẹ́ pẹ́náritì ló yà wọ́n. Ìdí tó fi padà kò ṣòro láti rí: orúkọ rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn. Leventis kò padà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé líìgì àti ife tó gbà lọ́dún mẹ́ta péré kò kéré rárá.

Ẹlòmíràn á ní èwe ìwòyí kò bìkítà, pé Arsenal àti Chelsea ni wọ́n ń sanwó wò lálaalẹ́ láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́. Èyí gan-an ló fún mi ní ìrètí. Láti 2004, Arsenal lo ogún ọdún gbáko láìgba líìgì, àwọn ọmọ wa kò sì fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń wá kiri. Wọ́n mọ̀ pé ẹgbẹ́ náà yóò wà níbẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ bá yí po, kò sí gómìnà tó lè fi bébà kan pa á rẹ́.

Èyí ló fi kan àwa ará Ìsánlú-Ìsin, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní ìpínlẹ̀ Kwara. Kwara United, tó gba ife Federation fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2025 nígbà tó fi pẹ́náritì na Abakaliki FC l'Ékòó, ìpínlẹ̀ wa ló ni ín. Pápá rẹ̀ n'Ílọrin ń jẹ́ orúkọ Rashidi Yekini, ọmọ Ira, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Ṣúùtìn kó tó wá gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ ní ife àgbáyé, ní 1994. Orúkọ wà, ife ti wọlé. Ohun tó kù ni ìwé. Ní Barcelona, àwọn tó ń san owó ọdọọdún ló ń dìbò yan ààrẹ ẹgbẹ́. Ní Jámánì, òfin líìgì ní kí ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lókè. Kò ṣàjèjì sí Ìgbómìnà: ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tí ọmọ tó wà l'Ékòó àti ní Kánò ń dáwó sí, ti kọ́ wa bí a ṣe ń kó owó jọ, tí a ń ka orúkọ, tí a sì ń bèèrè ìṣirò. Kí ìjọba máa san ìpín tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí a ta ìpín tó kù fún ará ìlú, kí a sì kọ ọ́ sínú òfin ìpínlẹ̀ pé kò sẹ́ni tó lè tú ẹgbẹ́ ká láìsí ìbò wọn. Nígbà náà, gómìnà tí inú bá bí lẹ́yìn àṣekágbá kan á ní láti kọ́kọ́ pe ìpàdé, ẹni tó ti Ìsánlú-Ìsin gba Àjàṣẹ́-Ìpo wá á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìbò tirẹ̀ lọ́wọ́.