Kọ́kọ́rọ́ Kan Kò Gbọdọ̀ Ṣí Gbogbo Ilẹ̀kùn

Ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ọmọ wa, ọ̀rọ̀ páásìwọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Obìnrin tí ń ta gàrí ní Ọjà-Ọdán lónìí ní àkántì ní báńkì, ó wà lórí WhatsApp, ọmọ rẹ̀ sì ti ṣí íméèlì fún un. Bí ó bá ń ná ọjà kọjá ibodè Ìdíròkó, ó lè ní síìmù Benin pẹ̀lú, tí ó fi ń san owó sẹ́fà lórí MoMo. Ilẹ̀kùn mẹ́rin nìyẹn. Ẹ bi í pé kọ́kọ́rọ́ mélòó ni ó fi tì wọ́n, ẹ lè gbọ́ pé ẹyọ kan ni: ọdún tí ó bí àkọ́bí rẹ̀.

Olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní kí òun fi dandan fọ́ ilẹ̀kùn báńkì. Ibi tí ó bá rọrùn ni yóò ti jí páásìwọ́ọ̀dù, yóò wá máa gbé e káàkiri wò bóyá yóò ṣí ibòmíràn. Ní ọdún 2012, wọ́n jí páásìwọ́ọ̀dù kó ní ilé-iṣẹ́ LinkedIn ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó di 2016, èyí tí wọ́n gbé jáde fún títà lé ní mílíọ̀nù 100. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni àwọn kan wọ àkántì Mark Zuckerberg, ọ̀gá Facebook fúnra rẹ̀, lórí Twitter àti Pinterest. Ìròyìn ní páásìwọ́ọ̀dù tí ó lò ní LinkedIn ni wọ́n fi wọlé. Ẹni tí ń ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo ayé!

Íméèlì ni ìyá gbogbo wọn. Bí ènìyàn bá gbàgbé páásìwọ́ọ̀dù ibòmíràn, inú íméèlì ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀nà láti ṣe tuntun ránṣẹ́ sí, nítorí náà ẹni tí ó gba íméèlì yín lè gba ìyókù. Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn sí àwọn onílé kọ̀ǹpútà tí ń ṣí íméèlì fún ọmọ tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, tí wọ́n sì ń fi páásìwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ọmọ tí ó wá lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ó yí i padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ẹ má fi orúkọ ọmọ ṣe é. Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ. Gígùn ni agbára rẹ̀. Ẹ so ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan pọ̀, bí igbá, òroǹbó, kẹ̀kẹ́, ọṣẹ. (Ẹ má lo tèmi yìí o.)

Àwọn kan ní èèwọ̀ ni kí a kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi kò gbà. Bruce Schneier, ògbóǹkangí nípa ààbò kọ̀ǹpútà, ti gbani níyànjú ní 2005 pé kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a sì tọ́jú ìwé náà bí owó. Ẹ fi í sínú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà. PIN báńkì nìkan ni kí ẹ fi sí orí, kì í ṣe ẹ̀yìn káàdì ATM.

Ẹni tí ó bá pè yín pé báńkì ni òun, tí ó ń bèèrè nọ́mbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín, olè ni. Ọ̀rẹ́ tí ó ní òun ṣèèṣì fi nọ́mbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí yín lè jẹ́ olè tí ó ti gba WhatsApp ọ̀rẹ́ náà. Ẹ ní kí ọmọ yín wọ Settings, kí ó tẹ Account, kí ó wá Two-step verification. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tẹ nọ́mbà mẹ́fà tí ẹ bá yàn síbẹ̀.